Wà Á Bí Uṣu

Bọ́sẹ̀dé ti fọn fèrè kí ariwo tó sọ. Àwọn tó wà létí pápá kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn. Òun ló gbọ́ ọ, nítorí òun ló sún mọ́ ọn jù. Ìró kékeré kan ni. Ó mọ ìró náà láti kékeré, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe orí pápá ló yẹ kí òun ti gbọ́ ọ. Ìró iṣu ni, nígbà tí orí rẹ̀ bá já mọ́ni lọ́wọ́ nínú ebè.

Àlímì wà nílẹ̀, ó dojú bo koríko. Adémọ́lá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì ká roboto, bí ẹni pé nǹkan kan ṣì wà láàárín wọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Bọ́sẹ̀dé ló sọ̀rọ̀. Ohùn náà kò jọ tirẹ̀ létí ara rẹ̀.

Bí ẹ bá dé Obbo-Aiyegunle tí ẹ ní ẹ ń wá Tíṣà Bọ́sẹ̀dé, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Bí ẹ bá ní Bọ́sẹ̀dé oníbọ́ọ̀lù ẹyin, ọlọ́kadà kò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni yóò já yín sí. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Alàgbà ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà, kò sì gbọ́ ọ rí, títí ó fi kú, pé obìnrin ń fọn fèrè kí ọkùnrin dúró.

Yunifásítì ni Bọ́sẹ̀dé ti kọ́kọ́ rí rọ́gbì, bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin tí wọ́n ń gbé sáyà sáré. Ó bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá a títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Dókítà ní ó lè sáré o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọlu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó bá lọ kọ́ṣẹ́ rẹfirí.

"Bí mi ò bá lè bá wọn jà mọ́," ló sọ fún ọkọ rẹ̀, "màá máa là wọ́n."

Nígbà tí ìjọba gbé e wá sílé láti máa kọ́ni, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló gbé sínú àpò. Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní tòlótòló wo ló yé irú ẹyin báyìí. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan gbé e sáyà tó fi sáré, ẹnìkejì lé e mú, ó gbé e ṣubú, àwọn yòókù pariwo. Láti ọjọ́ náà ni rọ́gbì ti ní ilé ní ìhà ibẹ̀. Ọlọ́kadà, bíríkìlà, àgbẹ̀, gbogbo wọn ń wá. Osi ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Iloffa ní tirẹ̀. Méje-méje ni wọ́n ń gbá a, nítorí kò síbi tí wọ́n ti máa rí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí yóò pa oko tì lọ́jọ́ Sátidé.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni òfin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà sì le bí òkúta. Bọ́sẹ̀dé jókòó, ó wá orúkọ fún un ní èdè wọn. Nígbà tí ẹnìkan bá ṣubú tòun ti bọ́ọ̀lù, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn alátakò dìrọ̀ mọ́ra lórí rẹ̀, ó pe ìyẹn ní ebè. Ó ní ebè ní ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. "Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, olè ni, màá sì fọn fèrè olè fún un." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yé wọn.

Èyí tó ṣòroó pè jù ni iṣẹ́ ẹni tó wọ ebè láti mú alátakò kúrò lórí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ìjà, kì í sì í ṣe títì lásán. Ó rò ó títí. Lọ́jọ́ kan tí òjò lé wọn sábẹ́ igi ọdán létí pápá, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ wà á," ló wí. "Ẹ wà á bí uṣu."

Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu ní ìhà ibẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n sì gbà á. Kò pẹ́ tí ìyá ẹlẹ́pà létí pápá náà fi mọ̀ ọ́n. Bí ebè bá ti di ebè báyìí, gbogbo pápá á hó: "Wà á! Wà á!" Orí Bọ́sẹ̀dé máa ń wú. Ó ti gbé òfin ìlú òyìnbó, ó ti gbìn ín, ó sì ti hù.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ òjò náà ni oko bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, òkúta wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ á kúnlẹ̀ ti ebè, á fi àdá tú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ iṣu náà, á sì gbé e sókè bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ kúrò nínú omi. Iṣu tó bá gbọgbẹ́ kì í pẹ́ rà. Bàbá náà kì í sì í fẹ́ gbọ́ pé ẹnìkan ṣe iṣu léṣe. Ìyẹn ni Bọ́sẹ̀dé rí nígbà tó sọ̀rọ̀: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ènìyàn mọ́ra, kí wọ́n gbé e kúrò láìṣe é léṣe. Kò sọ ọ́ jáde. Ta ni a tún ń kọ́ bí a ṣe ń wa iṣu ní ìhà Osi?

Iloffa wá bá Osi gbá a nílé lọ́jọ́ Sátidé yìí. Bọ́sẹ̀dé ni rẹfirí, nítorí kò tíì sí ẹlòmíràn.

"Rẹfirí!" ọkùnrin kan pè é láti etí pápá. "Ọkọ yín ti jẹun?"

"Ó ti jẹ, ó sì ti fọ abọ́."

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Mùhísínì, ọlọ́kadà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Osi, ń fò sókè sódò níwájú àwọn àlejò. "Ẹ̀yin ará Iloffa, ṣé ẹ wá wa uṣu ni àbí ẹ wá jẹ ẹ́?"

"Ẹ ṣáà lọ dáná sílẹ̀," Adémọ́lá dá a lóhùn.

Ọmọ Koro ni Adémọ́lá, àgbẹ̀ oníṣu, Iloffa ló ń gbá a fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ebè wọ̀ bíi tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò gbá a fún ìpínlẹ̀ ní Ilorin, Bọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ló sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo Koro ti gbọ́. Ìjọ rẹ̀ ti gbàdúrà lé e lórí. Ohun kan ṣoṣo ló lè dí i lọ́nà: ẹni tó bá gba káàdì pupa kò gbọdọ̀ lọ. Adémọ́lá mọ̀, Bọ́sẹ̀dé náà mọ̀.

Bí Bọ́sẹ̀dé ṣe ń dá ẹjọ́ ebè nìyí: ó ń wo ẹsẹ̀, ó ń wo ọwọ́, ó ń wo ọrùn. Ẹsẹ̀ ni yóò fi mọ ẹni tó gba ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ni yóò fi mọ ẹni tó gbá ènìyàn mọ́ra, àti ẹni tó kàn fi èjìká ya lu ọmọ ẹlòmíràn. Ọrùn àti orí, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kàn wọ́n. Ojú kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́, nítorí ebè kì í pẹ́ẹ́ tú ká.

Ìdajì kejì ti ń lọ sópin nígbà tí ọmọ Iloffa kan gbé bọ́ọ̀lù sá. Àlímì, ọmọ ẹgbẹ́ Osi, mú un, wọ́n jọ ṣubú. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni Àlímì dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀lù, ọrùn rẹ̀ nà síwájú. Òun ló jàre. Bí ẹni tó wà nílẹ̀ kò bá tètè jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, Osi ni Bọ́sẹ̀dé máa fọn fèrè fún. Ó ti gbé fèrè dé ètè.

Adémọ́lá dé. Bọ́sẹ̀dé wo ẹsẹ̀: ilẹ̀kùn ló gbà. Ó wo ọwọ́: méjèèjì ló fi gbá a mọ́ra. Inú rẹ̀ dùn. Ó rántí ìyẹn lẹ́yìn náà, pé inú òun dùn.

Lẹ́yìn náà ló tó rí ibi tí ọwọ́ náà gbá mọ́ra. Ọ̀kan gba abẹ́ àgbọ̀n Àlímì kọjá, èkejì pàdé rẹ̀ lókè. Adémọ́lá dì í mú, ó lọ́ ọ, ó fi gbogbo ara rẹ̀ fà á sẹ́yìn.

"Wà á!" àwọn ènìyàn kígbe.

Ìró náà jáde.

Bọ́sẹ̀dé ti dọ̀bálẹ̀ tì í, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má baà mì.

"Àlímì. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Àǹtí." Koríko wà lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, ẹsẹ̀ mi dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára."

Ó tún un sọ, bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà yìí ni ẹ̀rín wá kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọlọ́kadà kan ti gun ọ̀kadà rẹ̀ wọ àárín pápá. "Ẹ gbé e sí mi lẹ́yìn! Ẹ gbé e kíá!"

"Ẹni tó bá gbé e báyìí, òun ló pa á," Bọ́sẹ̀dé wí. Kò gbójú sókè. "Ẹ lọ yọ ilẹ̀kùn wá."

Wọ́n lọ yọ ilẹ̀kùn kíláàsì kan kúrò lára ògiri nílé ìwé tó wà létí pápá. Wọ́n tẹ́ ẹ tì í, wọ́n ká ẹ̀wù bọ́ọ̀lù sí òsì àti ọ̀tún ọrùn rẹ̀, wọ́n sì rọra yí i sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí Bọ́sẹ̀dé ṣe ń dárí wọn. Hùmúàní, ìyá Àlímì, dé tòun ti gèlè lọ́wọ́. Ó ń wo ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bọ́ọ̀sì tó gbé ará Iloffa wá ló gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Àwọn yòókù ṣì dúró ní pápá. Mùhísínì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Rẹfirí, káàdì dà?"

"Káàdì kí ni?" ará Iloffa kan fò sókè. "Kí ló ṣe?"

"Ó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, o ń bi mí pé kí ló ṣe!"

Bọ́sẹ̀dé kọjú sí Adémọ́lá. Ó ti dìde. Kò sá, kò bínú. Ó dúró bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ pè pé kó wá ka iṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, mo wà á ni," ó wí. "Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo gbà. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbá a mọ́ra. Mo wà á bí uṣu, bí ẹ ṣe sọ."



"Báwo lẹ ṣe ń wa uṣu nílé yín?" Bọ́sẹ̀dé bi í.

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó di afẹ́fẹ́ mú, ó lọ́ ọ, ó fà á. "Etí odò ni oko wa, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. A kì í lo àdá. A ó di ọrùn uṣu mú, a ó lọ́ ọ, a ó fà á. Bí ọwọ́ ẹni bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣẹ́." Ó jọ̀wọ́ afẹ́fẹ́ náà. "Kì í sábàá ṣẹ́."

Bọ́sẹ̀dé ń wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà. Ó ń wá ibi tí ìkà wà nínú rẹ̀, kò rí i.

"Ẹ ti gbọ́ o!" ará Iloffa náà kígbe. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ! Bí ẹ bá máa fún ẹnìkan ní káàdì, ẹ fún ara yín!"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kò béèrè ibi tí ènìyàn ti kọ́ ọ. Ọrùn ni òfin ń béèrè. Ohun kan wà tó lè mú ẹjọ́ fúyẹ́: bí Àlímì bá ṣàdédé rẹlẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ọwọ́ ń lọ. Bọ́sẹ̀dé tún un wò lójú ọkàn rẹ̀. Àlímì kò rẹlẹ̀. Ibi tó wà ló wà. Ọwọ́ náà mọ ibi tó ń lọ. Bí òun bá sì ki káàdì bọ àpò padà lónìí, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á gbà pé bí a ṣe ń wà á nìyẹn.

Ó yọ ọ́, ó gbé e sókè. Pupa.

Adémọ́lá wò ó bí ẹni tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ bú. Lẹ́yìn náà ni Ilorin wá sí i lójú. Bọ́sẹ̀dé rí i bó ṣe dé. Ọmọkùnrin náà tẹ orí ba.

"Ẹ ṣé, ma," ó wí.

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn gba ojú ọ̀nà Iloffa lọ. Kò dúró de bọ́ọ̀sì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ Àlímì kan mì. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ nǹkan lára. Dókítà ní eegun kò ṣẹ́. Iṣan ló já lápá èjìká, ọ̀pá ẹ̀yìn sì gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ẹ̀rù bà, ó ti ń bọ̀ sípò. Wọ́n fi nǹkan funfun kan ká a lọ́rùn. Dókítà ní ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ rọ́gbì mọ́, kó kọ́kọ́ wá bá òun.

Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, Bọ́sẹ̀dé lọ kí i ní Osi. Hùmúàní fún un ní ìjókòó, ó gbé omi wá. Àlímì kò lè yí orí. Gbogbo ara ló fi yí síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ fún Adémọ́lá ní káàdì pupa."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ilorin ńkọ́?"

"Kò lọ mọ́."

Àlímì fi ìka họ abẹ́ nǹkan funfun náà.

"Ẹ̀ bá má fún un, Àǹtí."

"Kí ló dé?"

"Èmi náà ti ń wo ọrùn rẹ̀ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ tiwa, tó jẹ́ òun ló bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, èmi ni ǹ bá wà á." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó fi í sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń wà á nílé wa."

Àwo tó wà lọ́wọ́ Hùmúàní kò bọ́, ṣùgbọ́n ó dúró gbagidi sójú kan. "Kí lo wí?"

"Uṣu ni mo ní, Ìyá mi."

Bọ́sẹ̀dé kò mu omi náà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé, ó ń ka gbogbo ebè tó ti fọn fèrè sí láti ọjọ́ tí òjò lé wọn sábẹ́ ọdán. Ó rántí ọmọ kan tó dìde tó ń fọwọ́ pa ọrùn, tí òun ní kó máa sáré lọ. Ó rántí òmíràn tí orí ń fọ́. Ó ti rò pé òun ń wò wọ́n.

Ní Sátidé, ó ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé òun ní pápá Osi. Kò fọn fèrè. Ó ní kí wọ́n tò yí ká. Adémọ́lá wá, ó dúró jìnnà díẹ̀ sí àwọn yòókù.

"Ẹ di ojú yín," Bọ́sẹ̀dé wí. "Ẹ̀yin náà, Mùhísínì. Ẹ má wo ẹnìkejì. Ẹ fi ọwọ́ hàn mí bí ẹ ṣe ń wà á."

Wọ́n di ojú. Ọwọ́ gbogbo wọn nà jáde. Àwọn kan lọ síbi tí ọwọ́ bàbá Bọ́sẹ̀dé ń lọ, abẹ́, jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Àwọn yòókù gbé ọwọ́ sókè, wọ́n di afẹ́fẹ́ mú lọ́rùn, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n fà á. Mùhísínì tó ń béèrè káàdì, tirẹ̀ ló yára jù.

Bọ́sẹ̀dé kò sọ pé kí wọ́n la ojú, àwọn ni wọ́n là á fúnra wọn, ẹnìkọ̀ọ̀kan sì rí ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Háà." Mùhísínì yára ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò.

Bọ́sẹ̀dé gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ sáàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ lé e lórí pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó ki ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, ó na ọrùn síwájú. Koríko nìkan ló ń rí.

"Adémọ́lá."

"Ma."

"Wọlé."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba ilẹ̀kùn wá. Ó súnmọ́ ọn, ó dúró. Bọ́sẹ̀dé gbọ́ bó ṣe ń mí lókè orí òun, kò sì sí ọwọ́ tó kàn án.

"Àǹtí," ó bi í, "níbo ni kí n ti dì mú?"